Kí Ló Dé Tí Ìnàkí Kò Fi Kan Ọkọ̀?

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ wa yìí wá, ẹ̀yin apẹja tí ẹ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wọ yunifọ́ọ̀mù wá, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ooru.

Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. À ń kọ́ nípa àwọn ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú, mo fi àwòrán ìnàkí hàn wọ́n, ọmọ náà nawọ́. Ó ní, "Mà, ẹ ní ìnàkí jọ wá nínú, ó jọ wá lóde. Ó ní ọwọ́ méjì, ó ní ìka márùn-ún, ojú rẹ̀ ń wo iwájú bíi tiwa. Kí ló wá dé tí kò fi kan ọkọ̀?" Ọmọ apẹja ni. Nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ ènìyàn ń ṣe, ọkọ̀ ló jọ ọ́ lójú jù. Mo dá a lóhùn kíá pé nítorí orí tiwa tóbi ju ti ìnàkí lọ ni. Ó jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ìdáhùn yẹn kò jẹ́ kí n sinmi, torí mo mọ̀ pé kò tó. Mo jẹ ọmọ náà ní gbèsè, ọ̀rọ̀ òní ni mo fẹ́ fi san án.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ. Ìnàkí kì í ṣe ọ̀bọ. Ọ̀bọ ní ìrù, ìnàkí kò ní. Nínú ẹbí àwọn ìnàkí ńlá, gòrílà wà, orangutan wà ní ilẹ̀ Éṣíà, bonobo wà ní Kóńgò, lẹ́yìn náà ni èyí tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni màá máa pè ní ìnàkí láti ìsinsìnyí lọ, nítorí òun àti bonobo ló sún mọ́ wa jù láyé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń bi ara rẹ̀ pé ṣé mo fẹ́ sọ pé ìnàkí ló bí wa ni. Rárá. Àwọn onímọ̀ tó ń yẹ àbùdá inú ara wò, èyí tí wọ́n ń pè ní DNA, rí i pé nǹkan bí ìdá 98 sí 99 nínú 100 ni tiwa àti ti ìnàkí fi bára mu. Bàbá ńlá kan náà la ní, a sì pínyà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 6 sí 7 sẹ́yìn. Bí ọmọ bàbá méjì ṣe máa ń kúrò nínú agbo ilé kan ni, tí ọ̀kan á lọ tẹ̀dó sí etí ọ̀sà, tí èkejì á wọ inú igbó lọ. Ìnàkí òní kì í ṣe bàbá wa, ìbátan wa ni. Mùsùlùmí ni mí, mo sì ń kírun. Bí Ọlọ́run ṣe ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni mo ń wò nínú egungun àti òkúta, kò sì dín ìgbàgbọ́ mi kù rárá.

Kò sí ẹni tó máa wo ìnàkí dáadáa tó máa pè é ní òmùgọ̀. Ní 1960, ọ̀dọ́bìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Jane Goodall wọ igbó Gombe ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Tanzania lónìí. Ó pẹ́ gan-an kí àwọn ìnàkí tó gbà kó sún mọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, ó rí akọ kan, tó sọ ní David Greybeard nítorí irùngbọ̀n rẹ̀ tó funfun, tó jókòó ti òkìtì ikán. Ìnàkí náà ti koríko bọ inú ihò, ó ní sùúrù díẹ̀, ó rọra fà á jáde pẹ̀lú àwọn ikán tó ti gé e mọ́ ẹnu, ó sì fi ètè kó wọn jẹ. Wọ́n tún rí i pé bí ẹ̀ka igi bá ní ewé, ìnàkí á bó ewé náà kúrò kó tó lò ó. Ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó ń ṣe. Ẹja ló ń pa lórí ilẹ̀. Kó tó di ọjọ́ náà, àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ènìyàn nìkan ló ń ṣe irinṣẹ́, ìyẹn gan-an ni wọ́n sì fi ń sọ ohun tí ènìyàn jẹ́. Wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

Èyí tó wà ní Bossou, ní orílẹ̀-èdè Guinea, ló dùn mọ́ mi jù. Èkùrọ́ ni àwọn ìnàkí ibẹ̀ ń pa, èkùrọ́ kan náà tí àwọn ìyá wa ń pa. Wọ́n á wá òkúta pẹrẹsẹ kan, wọ́n á gbé èkùrọ́ lé e, wọ́n á fi òkúta kejì gbá a. Bí òkúta ìsàlẹ̀ bá ń mì, a ti rí èyí tó fi òkúta kékeré tì í nídìí kó lè dúró. Ọmọ wọn á jókòó ti ìyá, á máa wò, á máa ṣa àfọ́kù jẹ, á máa gbá òkúta mọ́lẹ̀ láìsí èkùrọ́ lórí rẹ̀. Ó máa ń tó ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó mọ̀ ọ́n pa.

Ní igbó Taï, ní Côte d'Ivoire, àwọn awalẹ̀pìtàn hú àwọn òkúta tí ìnàkí fi fọ́ èso líle láyé àtijọ́. Ọjọ́ orí àwọn òkúta náà tó ọdún 4,300. Ẹ ro ìyẹn wò. Nígbà yẹn, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ará Íjíbítì kọ́ pírámíìdì ńlá Gíísà. Láti ìgbà náà wá, ọmọ ènìyàn ti ń yọ́ irin, ó ti ń tẹ̀wé, ó ti gbé ẹsẹ̀ lé òṣùpá ní 1969. Ìnàkí Taï ṣì ń fi òkúta fọ́ èso, bí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe ń fọ́ ọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó so igi mọ́ òkúta náà kó di òòlù.

Ìgbà tí mo kà nípa òkúta yẹn ni ìbéèrè ọmọ náà tó yé mi. Ìnàkí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tipẹ́tipẹ́. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé kí ló dá a dúró sójú kan, tí àwa fi ń lọ.

Àwọn kan á ní ọwọ́ ló fà á, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ní 1974, wọ́n rí egungun obìnrin kan ní Etiópíà, wọ́n sọ ọ́ ní Lucy, ó ti tó mílíọ̀nù ọdún 3.2. Ọpọlọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ìnàkí lọ, ṣùgbọ́n egungun ìbàdí àti orúnkún rẹ̀ fi hàn pé ẹsẹ̀ méjì ló fi ń rìn. Ẹsẹ̀ wa ló kọ́kọ́ yàtọ̀ o, kí orí tó tẹ̀lé e. Nígbà tí ẹsẹ̀ gba iṣẹ́ ìrìn, ọwọ́ ráyè ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ wo àtàǹpàkò yín. Ẹ fi kan ìka kọ̀ọ̀kan, láti ìfábẹ̀lá títí dé ọmọńdinrín. Ti ìnàkí kúrú, àwọn ìka yòókù sì gùn nítorí igi ló fi ń dì mọ́. Bí ẹ bá gbé abẹ́rẹ́ tí a fi ń hun àwọ̀n fún un, bóyá ni yóò lè fi so ojú kan ṣoṣo kó gún.

Irinṣẹ́ òkúta fífọ́ tó pẹ́ jù tí a tíì rí láyé wà ní Lomekwi, ní Kẹ́ńyà, ọjọ́ orí rẹ̀ tó mílíọ̀nù ọdún 3.3. Àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà kọ́ bonobo kan tó ń jẹ́ Kanzi bí wọ́n ṣe ń fọ́ òkúta kó lè mú. Ó kọ́ ọ lóòótọ́, ó sì fi gé okùn tí wọ́n fi di àpótí oúnjẹ. Àmọ́ bó ti wù kí wọ́n kọ́ ọ tó, tirẹ̀ kò dé ibi tí òkúta àwọn ará ijọ́un ní Etiópíà dé, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù ọdún 2.5. Nítorí náà, ọwọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì tó.

Iná ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń yan ẹja, ẹ gbọ́ èyí. Ọpọlọ ènìyàn kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ń jẹ nǹkan bí ìdá 20 nínú agbára tí oúnjẹ ń fún wa. Orí ńlá, owó oúnjẹ ńlá. Ìnàkí máa ń lo wákàtí púpọ̀ lójúmọ́ láti jẹ èso àti ewé tútù lẹ́nu. Oúnjẹ tí a sè rọ̀, ó tètè dà, ó sì ń fún ara ní okun púpọ̀ sí i. Nínú ihò àpáta Wonderwerk ní South Africa, eérú àti egungun tó jó wà níbẹ̀ láti nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn. Onímọ̀ kan, Richard Wrangham, gbà pé sísè oúnjẹ ló fún wa láyè láti ní ọpọlọ tó tóbi báyìí. Àwọn mìíràn ń bá a jiyàn lórí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè jiyàn pé iná ni ìyá iṣẹ́ ọwọ́. Láìsí iná, kò sí ìkòkò, kò sí irin, kò sí gíláàsì. Àwọn dolphin, ẹranko inú òkun tó jọ ẹja, ní ọpọlọ tó tóbi gan-an, wọ́n sì gbọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò ní ọwọ́, kò sì sí ẹni tó lè dáná nínú omi.

Ṣé orí ńlá náà wá ni ìdáhùn? Ohun tí mo sọ fún ọmọ yẹn nìyẹn, ibẹ̀ ni mo sì ti kù díẹ̀ káàtó. Ìnàkí ní ọpọlọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta tiwa. Láàárín rẹ̀ àti wa, àwọn ará ijọ́un kan wà tí wọ́n ń pè ní Homo erectus, orí wọn ti tóbi, wọ́n ń ṣe àáké òkúta tó rẹwà, tó mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Wọ́n ṣe irú àáké náà fún ohun tó ju mílíọ̀nù ọdún kan lọ, ìyípadà tó sì bá a kò tó nǹkan. Mílíọ̀nù ọdún kan! Fóònù tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí ń di ògbólógbòó ní ọdún mẹ́ta. Àwọn Neanderthal, irú ènìyàn ijọ́un mìíràn tó gbé ní ilẹ̀ Yúróòpù, ní orí tó tó tiwa, wọ́n sì ti lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdánwò kan fún yín. Ní 2005, àwọn onímọ̀ méjì, Victoria Horner àti Andrew Whiten, gbé àpótí kan kalẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ìnàkí ní erékùṣù Ngamba ní Uganda, wọ́n sì gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ní Scotland. Oúnjẹ tàbí ẹ̀bùn wà nínú àpótí. Ẹni tó ń ṣe àfihàn á fi ọ̀pá gún ihò orí rẹ̀, á gbá a, lẹ́yìn náà á wá fi ọ̀pá yọ nǹkan inú rẹ̀ láti ihò iwájú. Nígbà tí àpótí náà dúdú tí wọn kò rí inú rẹ̀, ìnàkí àti ọmọ ènìyàn ṣe gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe rí i. Wọ́n wá gbé àpótí tó mọ́ gaara wá, tí ojú ti ń rí i pé ihò òkè kò débì kankan, pé asán ni gbogbo gbígbá yẹn. Ìnàkí fi ihò òkè sílẹ̀, ó lọ tààrà síbi tí oúnjẹ wà. Ọmọ ènìyàn tún gún òkè, ó tún gbá a, ó ṣe gbogbo rẹ̀ láìyọ ọ̀kan sílẹ̀.

Ta ló gbọ́n níbẹ̀? Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo ní ìnàkí ni. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ohun tó dà bí àìgbọ́n ọmọ yẹn ni gbogbo ayé wa dúró lé.

Ẹ ronú nípa gàrí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù ni ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn ará Potogí ló gbé e dé Áfíríkà. Májèlé wà nínú rẹ̀, sayánáìdì ni orúkọ rẹ̀, ó sì pọ̀ jù nínú ẹ̀gẹ́ tó korò. Ẹ wo ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe: wọ́n á bó o, wọ́n á rìn ín, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan, omi rẹ̀ á máa ro, wọ́n á kù ú, wọ́n á sì yan án nínú agbada gbígbóná. Bí a ṣe ń rìn ín ni májèlé náà ń tú sílẹ̀, omi tó ń ro ń gbé lára rẹ̀ lọ, iná ń lé èyí tó kù. Gàrí Ìjẹ̀bú tí à ń gbádùn níbí kan nítorí pé àwọn tó ń ṣe é kì í kánjú gbé e kúrò nínú àpò. Ìyá àgbà mi kò gbọ́ orúkọ sayánáìdì rí títí ó fi kú. Bí mo bá bi í pé kí ló dé tí a kì í yan án lọ́jọ́ kan náà, á ní, "Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn." Ìnàkí á wo iṣẹ́ yẹn, á ní kí ni gbogbo ìdúró yìí fún, á gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹ̀gẹ́ korò kì í pani lójú ẹsẹ̀ ní gbogbo ìgbà, nítorí náà kò sí ohun tó máa sọ fún un lọ́jọ́ yẹn pé ó ṣìṣe. Ènìyàn tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ láìmọ ìdí gba ọgbọ́n tí orí rẹ̀ nìkan kò lè ronú kàn.

Ohun tí mo wá sọ nìyí, ẹ bá mi mú un dání: ìnàkí kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú òun fúnra rẹ̀ bá ti là, àwa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹlòmíràn parí sí. Nígbà tí àwọn àgbà wa ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ohun tí àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wádìí láti nǹkan bí ogójì ọdún yìí ni wọ́n ń sọ.

Ìyàtọ̀ kejì ni pé ìyá ìnàkí Bossou kì í sábà kọ́ ọmọ rẹ̀. Ó gbà kó wò ni. Kì í di ọmọ lọ́wọ́ mú kó ní, "Kì í ṣe báyẹn, báyìí ni." Ọ̀rọ̀ yẹn, ọjọ́ wo ni ẹ̀yin ọ̀gá níbí kì í sọ ọ́? Mo gbọ́ ọ títí etí mi fi kún nínú ọgbà bàbá mi, nítorí akankọ̀ ni, ọkọ̀ ló ń kàn létí ọ̀sà yìí. Bí pákó bá ní láti tẹ̀, á yá a lórí iná, á máa wọ́n omi sí i, á máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bá wọ́n omi pọ̀, á ké sí i. Bó bá wọ́n ọn kéré, á ké sí i. Èdè tún jẹ́ kó lè sọ nípa ohun tí kò sí níwájú wa: ìjì tó da ọkọ̀ kan nù kí wọ́n tó bí mi, irú igi tí ọ̀gá tirẹ̀ ní kó má ṣe lò láé. Ìnàkí lè kígbe pé ejò wà níbí. Kò lè sọ pé ejò wà níbí lọ́dún tó kọjá, lábẹ́ irú igi báyìí.

Mo dé ọjà báyìí, ibi tí mo rò pé Ẹ̀pẹ́ lè kọ́ gbogbo ayé ní nǹkan. Bí ìnàkí kan bá tiẹ̀ rí ọgbọ́n tuntun, ta ló máa rí i lọ́wọ́ rẹ̀? Agbo wọn kì í sábà ju nǹkan bí àádọ́ta lọ, nígbà mìíràn ọgọ́rùn-ún àti díẹ̀. Abo tó bá bàlágà ló ń kó lọ sí agbo mìíràn, akọ kì í lọ. Bí akọ àjèjì bá ṣèèṣì wọ ààlà, wọ́n lè pa á. Ní Gombe yìí kan náà, láàárín 1974 sí 1978, Goodall àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ rí agbo kan tó pa gbogbo akọ agbo kejì tán, wọ́n sì ti jọ jẹ́ ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Kò sí ọjà láàárín wọn, ẹ̀yin èèyàn mi. Kò sí ibi tí àjèjì ti lè gbé ẹrù kalẹ̀ kó ní ẹ wá wo bí a ṣe ń ṣe é ní ìlú wa.

Níbí ńkọ́? Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ìparí 1851, ìlú wa ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí, ni a fi ní Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́ títí dòní. Àwọn Ìlàjẹ bá ọ̀sà wá, àwọn Ẹ̀gùn bá ọ̀sà wá, kálukú pẹ̀lú àwọ̀n tirẹ̀, ìgèrè tirẹ̀, ọ̀nà tí ó ń gbà so ó. A jà nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà kò dúró. Bàbá mi kọ́ bí a ṣe ń fi òwú àti ọ̀dà dí àlàfo pákó lọ́dọ̀ ọkùnrin Ìlàjẹ kan tó wá ra ìṣó. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo fi kún un pé ará ilé gbọ́n, àlejò gbọ́n, la fi kan ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́.

Ẹ wo bí ọkọ̀ yẹn ti pẹ́ tó. Ní 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ìpínlẹ̀ Yòbè, ohun èlò rẹ̀ kan igi líle lábẹ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ ni, igi kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́, gígùn rẹ̀ lé ní mítà 8, ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí ọdún 8,000. Ó wà lára àwọn ọkọ̀ tó pẹ́ jù tí a tíì rí lágbàáyé, ilẹ̀ Nàìjíríà níbí ló sì wà. Ẹni tó gbẹ́ ọkọ̀ yẹn kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹnì kan. Àti ẹ́ńjìnì tí ẹ so mọ́ ìdí ọkọ̀ yín lónìí, kò sí ẹnì kan ṣoṣo láyé tó lè dá ṣe é láti inú ilẹ̀ dé orí omi. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń yọ́ irin kò mọ bí a ṣe ń wa epo rọ̀bì. Ẹni tó ń ṣe rọ́bà kò mọ iṣẹ́ iná. Ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ díẹ̀, gbogbo wa jọ mọ ẹ́ńjìnì. Bí wọ́n bá já èmi nìkan sínú igbó Gombe láìsí ẹnikẹ́ni, láìsí àdá, láìsí ìṣáná, ebi á pa mí kí ó tó pa ìnàkí.

Ìwé ló tún wá jẹ́ kí òkú máa kọ́ alààyè. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí n sọ. Okùn yìí lè já, ó sì ti já lọ́wọ́ wa rí. Ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba wa ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá síwájú, kì í ṣe pé wọ́n ra gíláàsì lọ́wọ́ àlejò, àwọn fúnra wọn ló ń yọ́ ọ láti inú ohun tó wà ní ilẹ̀ wọn. Nígbà tó yá, iná yẹn kú. Àwọn ọmọ wọn ń hú ìlẹ̀kẹ̀ náà nínú ilẹ̀, wọn kò mọ bí a ṣe ń ṣe é mọ́. Nígbà tí ará Jámánì kan, Leo Frobenius, dé Ifẹ̀ ní 1910, tó rí àwọn orí tí wọ́n fi amọ̀ àti idẹ ṣe, kò gbà pé àwa la ṣe wọ́n. Ó ní ará Atlantis, ilẹ̀ tí ìtàn àròsọ àwọn Gíríìkì ní ó sọnù sínú òkun, ló ṣe wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Ohun tó tún dùn mí jù ni pé kò sí ẹni tó lè fa iná kalẹ̀ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kó ní, "Jókòó, wò ó."

Bàbá mi bí mẹ́fà. Èmi lọ sí iléèwé, àwọn àbúrò mi lọ sí Èkó. Ìgbà tó kú, kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀n omi tó yẹ ká wọ́n sí pákó. Mo lè sọ ìtàn rẹ̀ fún yín bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé pákó fún mi, yóò fọ́.

Ìbéèrè méjì ni àwọn èèyàn bi mí lẹ́yìn tí mo jókòó, mo fẹ́ kọ ìdáhùn wọn síbí nítorí àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Apẹja kan ní bí a bá tọ́ ìnàkí nínú ilé láti kékeré, tí a rán an ní iléèwé, ṣé kò ní dà bí wa? Wọ́n ti dán an wò. Ní 1931, tọkọtaya Kellogg ní Amẹ́ríkà mú ọmọ ìnàkí kan tó ń jẹ́ Gua, wọ́n ń tọ́ ọ pẹ̀lú ọmọkùnrin wọn, Donald, aṣọ kan náà, àwo kan náà. Gua tètè mọ nǹkan púpọ̀ ju ọmọ náà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi máa parí rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, Gua kò sọ ọ̀rọ̀ kan bí ènìyàn. Donald ló ń ké bí ìnàkí tí ebi ń pa. Ọmọ ènìyàn ló ń sín ẹlòmíràn jẹ nínú àwọn méjèèjì.

Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ béèrè náà tún nawọ́. Ó ní, "Mà, tí a bá fún wọn ní àkókò, ṣé ìnàkí ṣì lè dé ibẹ̀?" Mo ní àkókò ni wọn kò ní. Àwọn tó kù ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí kò tó nǹkan, díẹ̀ nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn tí kò jìnnà sí wa, díẹ̀ nínú igbó Ìsẹ̀ ní Èkìtì. Abo kan ń bímọ lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ọdún márùn-ún. A ń gé igbó náà, a sì ń yìnbọn. Ní 2019, àwọn onímọ̀ tó wo agbo ìnàkí 144 káàkiri Áfíríkà rí i pé níbi tí ọwọ́ ènìyàn ti wúwo jù, àwọn àṣà tí ìnàkí ń kọ́ lára ara wọn, bíi yíyọ ikán àti fífọ́ èso, ti ń pòórá. Mo bẹ ẹ̀yin tó ń ta ẹran ìgbẹ́, bí ọdẹ bá gbé ìnàkí wá, ẹ má rà á. Ọmọ tí wọ́n bá já kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọdún márùn-ún, òkúta á wà níwájú rẹ̀, èkùrọ́ á wà níwájú rẹ̀, kò ní rí ẹni tí yóò máa wò.